Ẹ Béèrè Olùkọ́ Kí Ẹ Tó Sanwó



Ní 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ gba ọmọ ilé-ìwé níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Mo gbọ́kàn lé e nígbà tí mo fi ọmọ mi sí sẹ́kọ́ńdírì ní Bìní níhìn-ín. Yorùbá wà nínú táìmù-tébù, kò sí olùkọ́. Lẹ́tà ìyá mi dé, ọmọ kò lè kà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, a kì í ra aṣọ láìtú u wò. Ẹ béèrè: ta ní ń kọ́ wọn? Ọmọ mélòó ló ṣe Yorùbá ní WAEC lọ́dún tó kọjá? Níbi tí kò bá sí olùkọ́, kí ẹgbẹ́ wa fi nínú owó òní gba ọ̀kan síṣẹ́.

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Kí ọmọ wa má dé ilé bí àlejò.