Àwọn Akéwì Tí Ó Sùn Sí Ojú Ogun
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́



Itẹ́ òkú kan ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ibẹ̀ jìnnà réré sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Taukkyan ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lẹ́bàá Rangoon, ìlú tí a ń pè ní Yangon nísinsìnyí, ní ilẹ̀ Burma, èyí tí òun náà ti di Myanmar. Ní ọdún 1951 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó òkú àwọn ọmọ ogun jọ síbẹ̀ láti itẹ́ òkú mẹ́rin tí ó wà káàkiri ibi tí a gbé ja ogun Hítílà, nítorí pé ọ̀nà àtidé àwọn ibẹ̀ nira. Ibojì tí ó wà níbẹ̀ lé ní 6,000. Ní àárín wọn ni òpó òkúta gígùn gígùn dúró sí, a sì fín orúkọ àwọn tí kò ní ibojì rárá sí i lára, wọ́n tó 27,000 ènìyàn, bí kò dín díẹ̀. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn.

Akéwì kan sùn síbẹ̀, Alun Lewis, ọmọ ilẹ̀ Wales. Tíṣà ni, bí àwa. Ìwé ewì rẹ̀ kìn-ín-ní jáde ní 1942, nígbà tí ó ti wọ iṣẹ́ ogun. Òmíràn jáde ní 1945, nígbà tí òun kò sí láyé mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù March 1944 ni ó kú ní Arakan, ní ọmọ ọdún 28. Ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ ni ó pa á. Àwọn ológun tí ó wádìí ọ̀ràn náà ní jàm̀bá ni. A kì í dá ẹjọ́ òkú, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀. Títí di òní ni a ń ka ewì rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March yẹn kan náà, ní Arakan kan náà, ọmọ wa kan dùbúlẹ̀ sí etí odò Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun ní Abẹ́òkúta ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a sì fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ará Japan lúgọ dè wọ́n, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ kan ní àdúgbò náà, Mùsùlùmí, Shuyiman ni ó ń jẹ́, ni ó fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, pamọ́, tí ó sì ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun tiwa fi dé ní òpin ọdún náà. Fadoyebo padà wálé. Ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999, ó sì kú ní 2012. Bí kò bá kọ ọ́, ta ni ìbá mọ orúkọ Shuyiman nínú wa?

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Fadoyebo. Àwọn tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Ásíà nígbà náà lé ní 80,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní apá ibi tí wọ́n gbà wọ àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa ni ó la ọ̀nà náà gba orí òkè àti inú igbó, ibùsọ̀ 75, ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí ọ̀nà náà mọ, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: níbo ni a gbé rí ọmọ Yorùbá tí yóò gbẹ́ ọ̀nà ibùsọ̀ 75 tí kò ní í kọrin? Àwa tí a ń kọrin bí a bá ń roko, tí a ń kọrin bí a bá ń gún iyán, tí a ń kọrin sin òkú!

Nítorí náà, a kò gbà pé Alun Lewis nìkan ni akéwì tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Ìwé kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di akéwì. Ọ̀yọ́ yìí mọ èyí ju ìlú gbogbo lọ, nítorí ẹnu àwọn onírárà àti àwọn akùnyùngbà ní Ààfin ni a gbé ń gbọ́ ìtàn àwọn Aláàfin kí a tó rí ìwé kà. Ìjálá pàápàá, ti ọdẹ àti ti jagunjagun ni, Ògún ni ó ni iṣẹ́ méjèèjì. Oníwàásù ni wá, a kì í bọ Ògún. Ṣùgbọ́n a kò lè purọ́ mọ́ ọn pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ewì. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ bí Ògúndáre Fọ́yánmu. Ọpẹ́lọpẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ti ń sun ìjálá. Ta ni ó gbé àwo lọ sí Kaladan?

Ẹnìkan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní ìlú yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, kò sì tijú láti fi díẹ̀ nínú orin tí àwọn ènìyàn ń kọ nígbà ogun sínú rẹ̀. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé tí a fi í ránṣẹ́ sí. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó sì tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí ohun tí a kọ sílẹ̀ bá lè sọnù báyìí, kí ni kí a wí nípa èyí tí ó wà ní ẹnu nìkan?

Ẹ má sì ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Fìdítì kò jìnnà sí ibi tí a jókòó yìí. Christopher Okigbo, ọmọ Igbo, ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fìdítì láti 1958 sí 1960, níbẹ̀ ni ó sì gbé fi gbogbo ọkàn mú ewì kíkọ. Ìbàdàn ni a gbé tẹ ìwé rẹ̀ kan jáde ní 1962. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó wọṣẹ́ ogun Biafra, ìbọn sì pa á ní agbègbè Nsukka ní 1967. Kò sí ibojì rẹ̀ tí a lè mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ wò. A mọ̀ pé àwọn kan wà níhìn-ín tí ẹ̀gbọ́n tàbí baba wọn jà ní ìhà kejì ogun náà, a kò sì sọ èyí láti tún ogun tí ó ti parí dá sílẹ̀. Tíṣà Fìdítì ni, èyí ni ó mú kí ó jẹ́ tiwa náà.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ará Burma. Ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, bárékè kan wà tí a ń pè ní Letmauk. Ní Èkó, Dodan àti Arakan wà. Orúkọ ibi tí àwọn ọmọ wa gbé jà ni wọ́n. Ẹni tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́ lè máà mọ̀. Àwọn tí ó bá ogun yẹn wálé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn ọmọ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti di arúgbó. Bíyí Bándélé, ẹni tí ó kú ní 2022, kọ ìwé ìtàn àròsọ lórí ogun yìí ní 2007, nítorí pé baba rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì sọ fún un. Ọmọ mélòó ni baba rẹ̀ kọrin fún, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè?

A ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sọ ọ́. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, olúkúlùkù yóò mú ìwé kan lọ sí agboolé ìdílé rẹ̀, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí níbikíbi tí ó ti wá, yóò béèrè ẹni tí ó lọ sí ogun Hítílà, yóò sì kọ orin tí a rántí sílẹ̀, ìbáà ṣe ìlà kan péré. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ gbogbo, nítorí orin Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, àwa tí a kọ ọ́ pàápàá kò ní í lè kà á ní ọdún mẹ́wàá. Bí èdè Hausa bá wà nínú rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Hausa ni èdè tí gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé nínú iṣẹ́ ológun. Bí ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá bá wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú. Ológun ni ó kọrin náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin ìjọ.

Ẹ̀yin Olóyè ni ẹ mọ agboolé tí sójà ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí wa kí ìsinmi tó dé, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ń bọ̀, kì í ṣe agbowó-orí. Orúkọ ẹni tí ó kọ orin náà ni a ó kọ́kọ́ kọ sórí ojú ìwé, lẹ́yìn náà orin rẹ̀.