Mọ́tò Tó Ń Dán Bíi Jígí: Kí Ló Wà Lábẹ́ Rẹ̀?

Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìbéèrè kan ló ń wọlé ṣáá lórí WhatsApp wa: mọ́tò tó ń dán bíi jígí tí a ń rí lórí TikTok yẹn, ṣé kíróòmù gidi ni? Ṣé wọ́n lè ṣe é sí Corolla tèmi?

Èyí àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Rárá, kì í ṣe kíróòmù. Èkejì ló máa gba àkókò wa.

Kíróòmù gidi ni èyí tó wà lára báńpà mọ́tò ìjàpá tí àwọn bàbá wa ń gùn. Wọ́n á ri irin sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, níkẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kíróòmù á wá bo níkẹ́ẹ̀lì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fẹ́lẹ́ débi pé kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe púpọ̀ nínú dídán tí ẹ ń rí. Kíróòmù kàn ń ṣọ́ ọ kó má baà ṣú ni. Báńpà ṣeé rì sínú omi bẹ́ẹ̀. Odidi Corolla ńkọ́? Agbada wo la máa bá níbẹ̀?

Nítorí náà, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ń dá sí odidi ọkọ̀. Àwọn kan máa ń lẹ ráàpù mọ́ ọn, ìyẹn rọ́bà fẹ́lẹ́ tó ń dán. Àwọn kan ń fín pẹ́ńtì tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú alumíníọ́ọ̀mù mọ́, lórí pẹ́ńtì dúdú tó ń dán. Ìyẹn dára tí ẹ bá wò ó lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti fín kílíà lé e lórí, ó sábà máa ń rẹ̀ sílẹ̀ di sílífà lásán. Èyí tó dà bíi jígí lóòótọ́, fàdákà ni.

Jígí ilé yín náà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1835, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Justus von Liebig, ṣàwárí bí fàdákà ṣe lè kúrò nínú omi kẹ́míkà kó sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ṣáájú ìgbà náà, mákúrì ni wọ́n ń lò láti ṣe jígí, mákúrì yẹn sì ń ba ara àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ọgbọ́n Liebig yẹn ni wọ́n gbé dé ara mọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà kí fàdákà tó dé rárá. Jígí kì í bo àléébù, ńṣe ló ń pariwo rẹ̀. Ibi tí panẹ́bítà fi fílà dí tí kò fi sáńpépà ha dáadáa, tí pẹ́ńtì funfun lè bò mọ́lẹ̀, jígí á gbé e síta fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n á ha á, wọ́n á fín pẹ́ńtì dúdú, wọ́n á fín kílíà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ délẹ̀. Wọ́n á wá fọ̀ ọ́ títí omi á fi máa ṣàn lórí rẹ̀ láìṣẹ́ jọ bí ìrì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fín omi kẹ́míkà kan tó ní tánganran nínú, òun ni fàdákà máa dì mú.

Omi tí wọ́n fi ń ṣan án ṣe pàtàkì o. Omi bọ́ọ̀hóòlù ní iyọ̀ nínú. Tí iyọ̀ bá pàdé fàdákà, ó di àbàwọ́n funfun. Omi bátìrì, èyí tí kò ní ásíìdì rárá, ni kí wọ́n lò.

Ìgbà yìí ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì á wá dé. Ẹnu kan ń tu omi fàdákà, ẹnu kejì ń tu omi tó máa lé fàdákà jáde, irú ṣúgà kan sì lè wà nínú rẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ara mọ́tò á kọ́kọ́ ṣe bíi pé ó ń pọ́n, ó di jígí. Mo ti wo fídíò rẹ̀ tó ogún, ẹnu ṣì ń yà mí. Wọ́n á ṣan án, wọ́n á fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́, wọ́n á fín kílíà bò ó. Tí kílíà yẹn bá ya níbì kan, fàdákà ibẹ̀ á ṣú, ẹ kò sì lè fi pẹ́ńtì díẹ̀ pa á rẹ́. Gbogbo pánẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n máa tún ṣe.

Kílíà yìí ló kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ pẹ́ńtì mọ́tò n'Íbàdàn fún ọdún méjì. Háńkáṣíìfù ni wọ́n ń so mọ́ imú. Hádínà tí wọ́n ń po mọ́ kílíà ní ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú, háńkáṣíìfù kò sì lè dá a dúró. Eruku nìkan ló ń mú. Ó ń fa ikọ́ fée. Tí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí tó láti dí èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Àbúrò mi ń wúkọ́ lálaalẹ́, ó máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ó sì ń padà bọ̀ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò pẹ́ tó fi béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Àwa náà kò lo nǹkan kan nígbà tiwa." Òun fúnra rẹ̀ ń wúkọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àbúrò mi ti lọ ń kọ́ ráàpù báyìí. Kò sí fínfín níbẹ̀, pẹ́ńtì tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́, ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ lè bó o. Ráàpù tó ń dán bíi jígí nira láti lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Tí iná bá pọ̀ lára rẹ̀, ó máa ń ṣú. Síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má dán ti fàdákà wò ní ẹ̀yìnkùlé nítorí fídíò. Omi fàdákà tí wọ́n ti po mọ́ amóníà kò ṣeé gbé pamọ́ di ọ̀la, ohun tó lè bú gbàmù lè wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ mọ́tò yín wà nínú ìwé, tí ẹ bá yí i padà, ẹ lọ yí ìwé náà padà kí ẹ tó pàdé ọlọ́pàá. Ní Hamburg lọ́dún 2019, ọlọ́pàá gba Porsche kan tí wọ́n fi ráàpù wúrà bò, wọ́n ní ó ń ta ìmọ́lẹ̀ sójú àwọn awakọ̀ yòókù.

Tó bá jẹ́ pé fàdákà náà ni ẹ ṣì fẹ́, ẹ sọ fún pẹ́ńtà pé kó fi mọ́tò tó ti ṣe lọ́dún kan sẹ́yìn hàn yín, kì í ṣe ti àná. Kẹ́ ẹ sì wo imú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ìbòmú gidi ni wọ́n lò tàbí háńkáṣíìfù. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.