Ilẹ̀ Ni Ó Ń Darí Omi Òjò

Ọ̀rọ̀ odò Ouémé ni mo fẹ́ bá yín sọ l'ónìí.

Àwọn àgbà wa ní: "Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tán, omi rẹ̀ kì í lọ bí ó ṣe wù ú. Ilẹ̀ ni ó ń fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ rántí ọdún 2010. Nínú kọmúùnù 77 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, omíyalé dé 55. Ilé wó, oko rì, oúnjẹ inú àká bàjẹ́. Ẹni tí ń gbé l'ẹ́bàá omi ní ìhà Àjàṣẹ́ lè máa bi ara rẹ̀ pé: "Òjò kò kúkú rọ̀ l'ánàá. Níbo ni omi yìí ti wá?"

Òkè ni ó ti wá. Odò Ouémé gùn tó kìlómítà 510. Ìhà àwọn òkè Tanéka l'ápá àríwá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ kọjá, odò Ọ̀pàrà wá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó gba ìwọ̀-oòrùn Kétu, kí ó tó dé inú ọ̀sà. Òjò ńlá a máa rọ̀ l'ókè l'óṣù keje títí dé ìkẹsàn-án. Omi rẹ̀ a máa kún ìsàlẹ̀ l'óṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà, omi lè wọlé bá yín nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Bí a bá lè mọ iye omi òjò tí yóò di omi odò, a ó lè kìlọ̀ fún ará ìsàlẹ̀ kí omi tó dé. Àwọn onímọ̀ omi ń ṣe ìṣirò yìí. Wọ́n ń wọn òjò, wọ́n ń wọn odò. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò bá ka gbogbo ilẹ̀ sí bákan náà, bí ẹni pé ó tẹ́ bí ẹní, yóò ṣìnà. Kí ló dé?

Ẹ lọ wo oko yín lẹ́yìn òjò ńlá. L'órí òkè, ilẹ̀ ti fa omi mu. Ní akùrọ̀, omi dúró rẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ni! Ibi tí ilẹ̀ púpọ̀ ń da omi sí láti òkè, tí ó sì tẹ́jú, ibẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ mu omi yó. Ilẹ̀ tí ó ti yó kò lè mu mọ́. Òjò tí ó bá rọ̀ lé e, odò ni ó ń gbà lọ tààrà. Bí òjò bá sì ń rọ̀ sí i, ibi tí ó yó a máa fẹ̀ sí i.

Ní 1979, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Beven àti Mike Kirkby, sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣirò tí wọ́n ń pè ní TOPMODEL. Ohun méjì ni ó ń béèrè nípa ibì kọ̀ọ̀kan: Báwo ni ilẹ̀ tí ń da omi síbẹ̀ ṣe tóbi tó? Báwo ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ṣe le tó? Láti mọ̀ ọ́n, a ní láti mọ gíga ilẹ̀. L'óṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kan wà l'ójú ọ̀run fún ọjọ́ 11, ó wọn gíga ilẹ̀ káàkiri ayé, tiwa náà wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé irú ìṣirò yìí wá sí odò Donga, tí ń ṣàn sínú Ouémé l'ókè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé omi tí ó jìn nísàlẹ̀ kànga kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú odò. Omi tí kò jìn sí ojú ilẹ̀ ni odò ń gbà. Wọ́n bá tún ìṣirò náà ṣe. Ẹ rí i pé ìwé nìkan kò tó, àfi kí a wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Èkíní: kí ẹ tó ra ilẹ̀ ilé, ẹ wo òkè rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí omi ń gbà. Akùrọ̀ dára fún ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, kò dára fún ilé.

Èkejì: ẹ má ṣe da ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà omi. L'óko, ẹ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi lè rọra wọ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta: wọ́n ń wọn omi odò ní Ṣábẹ àti ní Bonou. Bí ẹ bá rí òpó ìwọ̀n nínú odò, ẹ má ṣe hú u. Bí kò bá sí i, ojú ìṣirò fọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: bí omi bá kún, ẹ fi àmì sára ògiri níbi tí ó dé, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí i. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa tí a ń gbé l'ẹ́bàá odò, bí a bá gbàgbé òkè tí omi ti ń bọ̀, ilé wa ni omi yóò gbé lọ.