Ààró Ìwé: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Òbí Sọ

Ìwé tí ẹ jókòó kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oko àti ọjà, kò ní í parẹ́ lórí yín. Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni a fẹ́ bá yín sọ.

Gbogbo wa ni a mọ Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2005, ó di yunifásítì. Orúkọ Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni wọ́n fi pè é. Tai Solarin yìí náà ló dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Ó kú ní ọdún 1994, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Nígbà tí ọmọ wa bá wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, inú wa a dùn. A ti ta gàrí, a ti dá èsúsú, a ti san owó. A wá rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí. Ọmọ pe ìyá lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Oò, ọmọ mi. Ìwé ńkọ́?"

"Ìwé ń lọ dáadáa, mà."

Irọ́ ni. Ìwé kò lọ. Ìṣirò ti dè é mọ́lẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, èrò pọ̀ bí èrò ọjà. Ohun tí olùkọ́ sọ kò yé e, ojú sì ń tì í láti nawọ́ sókè. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: "Bí mo bá bèèrè, wọ́n á ní olódo ni mí." Ló bá dákẹ́. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń dá kàwé. Ohun tí kò yé e lọ́sàn-án kò yé e lóru. Ìdánwò dé, ó kùnà. Ẹ̀kọ́ tí ó kùnà náà ni yóò tún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é ní kári-ófà. Bí kári-ófà bá pọ̀, ọdún ilé-ẹ̀kọ́ a gùn sí i, owó ìyá a sì máa lọ.

Ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ yìí? Rárá. Ṣé orí rẹ̀ kò pé ni? Orí rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tí a kì í dá ṣe ni ó ń dá ṣe.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ mọ ààró. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ilẹ̀ tí ẹnì kan ìbá fi ọ̀sẹ̀ kan ro, èèyàn márùn-ún a ro ó tán kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààró ìwé. Àwọn ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà a dá ọjọ́, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ọjọ́ tó pé, oníkálukú a kọ́kọ́ dá ka ìwé tirẹ̀, a sì kọ ibi tí kò yé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, ẹni tí ó yé a ṣàlàyé fún ẹni tí kò yé. Ẹni tó mọ ìṣirò lónìí lè jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yóò dà láàmú lọ́la. Nígbà míràn, ẹni tó ti yege ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó kọjá ni yóò wá jókòó tì wọ́n.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ kì í sọ ìdáhùn kíá. A bi ẹnìkejì pé: "Ibo lo dé kó tó rú ọ lójú?" Ibẹ̀ ni wọ́n a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣàlàyé tán, a ní: "Ó yá, ìwọ náà ṣàlàyé fún mi." Bí ẹnìkejì bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó yé e. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e, bó tilẹ̀ ń mi orí.

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ẹni fi lè là á yéni? Olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́; ó lè ti gbàgbé ibi tí ó ti ṣòro. Ẹgbẹ́ ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ la ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ̀gún ibẹ̀ ṣì ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú sì mọ agbára ẹgbẹ́. Ṣebí régbérégbé la fi ń jáde ní Ojúde Ọba? Ẹni tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọṣọ, ó lè bá a kàwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ níhìn-ín nìkan. Ní yunifásítì tó wà ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, Uri Treisman tó ń kọ́ni ní ìṣirò rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ń kùnà. Àwọn kan ní wọn kò ṣiṣẹ́ tó; àwọn kan ní òbí wọn kò bìkítà. Treisman lọ wo bí àwọn ọmọ náà ti ń kàwé. Ó rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, òbí wọn sì wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń dá kàwé. Àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Ṣáínà wá ń ṣe dáadáa. Àwọn a dá ka tiwọn, wọ́n a sì tún pàdé láti yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Treisman bá ṣètò kí àwọn ọmọ máa jọ ṣe ìṣirò tó le. Àwọn ọmọ dúdú tó dara pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yege.

Ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn pàápàá ń jèrè. Ìgbà tó bá fẹ́ ṣàlàyé ni yóò rí ihò tó wà nínú ìmọ̀ tirẹ̀. Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjagun, iṣẹ́ ọ̀la rẹ̀ gan-an ló ti ń ṣe yẹn.

Ṣùgbọ́n ààró ní òfin. Ẹni tí kò mú ọkọ́ wá, tó jókòó sábẹ́ igi, kì í ṣe ará ààró. Kí a bá ọ̀rẹ́ kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un, èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Kí a fún un ní ìdáhùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, olè ni; wọ́n lè torí rẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Bó bá sì ṣe pé gbogbo ẹgbẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má méfò. Kí wọ́n jọ lọ bá olùkọ́. Ojú kì í ti ẹni márùn-ún bó ṣe ń ti ẹnì kan.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni, kò kàn wá. Ní erékùṣù Mindanao ní Philippines, Frank Laubach bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní nǹkan bí ọdún 1930. Nígbà tó yá, owó tí wọ́n fi ń san àwọn olùkọ́ tán. Àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kọ́ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ yìí tàn ká ayé. Ààró ìwé náà ni.

Nítorí náà, bí ọmọ bá délé, ẹ má kàn bi í pé "Ìwé ńkọ́?" Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: Àwọn wo lẹ jọ ń kàwé? Èkejì: Kí ni ẹgbẹ́ rẹ là yé ọ lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ̀kẹta: Kí ni ìwọ náà là yé ẹlòmíràn?

Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má bú u. Ìbẹ̀rù èébú ló ń jẹ́ kí ọmọ purọ́. Ẹ ní kó gbé ìwé wá, kó jókòó, kó là á yé yín. Ẹ lè ní: "Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin gan-an. Ibi tí kò bá ti lè là á yé yín, ibẹ̀ ni kó gbé lọ sí ààró.

Ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.