Páànù, Pákó àti Iná



Bí mo ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní àárọ̀ yìí, mo rí ìsọ̀ pákó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù bò yípo. Ìyá alákàrà ni ó ni ín. Ààrò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi lo páànù. Ó ní, "Ọ̀gá, iná kì í jó páànù."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Koríko ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Ògiri amọ̀ kì í jó. Orí òrùlé ni iná ń gbà láti agbolé dé agbolé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Páànù gbà wá lọ́wọ́ ewu náà. Àmọ́ páànù tí a kàn mọ́ pákó, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Irin a máa gba ooru kọjá kíákíá. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa jó lábẹ́nú, níbi tí omi tí à ń dà kò lè dé.

Kí a má sì bú igi jù. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tètè ràn, ṣùgbọ́n bí òpó igi nínípọn bá ń jó, èédú ara rẹ̀ a máa dáàbò bo inú rẹ̀. Iná kì í sábà jẹ tó mìlímítà kan nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Òpó irin tí a kò fi nǹkan bò, bí ooru rẹ̀ bá tó 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Júùnù 2017, iná bẹ̀rẹ̀ lára fíríìjì kan ní ilé alájà 24 tí à ń pè ní Grenfell Tower, ní Lọ́ńdọ̀nù. Alumíníọ́mù ni ojú ohun tí wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ lóde. Ike ni wọ́n fi sáàárín. Ike náà ni ó gbé iná gun òkè. Ènìyàn 72 ni ó kú.

Nítorí náà ni mo ṣe bi ìyá náà ní ohun tí ó wà láàárín páànù àti pákó rẹ̀. Ó ní fóòmù ibùsùn àtijọ́ ni, kí oòrùn má baà pa àwọn ọmọ tí ń sùn níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ọ́ lónìí, kí ó sì gbé ààrò kúrò lẹ́bàá ògiri. Ó gbé ààrò kúrò lójú mi. Ti fóòmù, ó ní ó di ìgbà tí káfíńtà bá dé.