Ọrùn Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá: Iṣẹ́ Irin àti Iṣẹ́ Iṣan



Ọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ ni mo bá wá. Oríkèé kékeré ni, àmọ́ nígbà tí a bá ń rìn, ẹrù tó ń kọjá nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ìwúwo ara wa. Ẹni tó wọn 70 kílò ń fi nǹkan bí 350 kílò tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá fẹ́ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Orí egungun kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tálọ́ọ̀sì ni ẹrù náà ń já lé. Kò sí iṣu ẹran kankan tó so mọ́ egungun yìí. Ìbòrí tó ń dán, tó sì ń yọ̀, ló bo èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí náà ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà wọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí oríkèé náà bá sì bàjẹ́, egungun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ṣòro láti fi irin sí.

Ní ọdún 1970, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníṣẹ́ abẹ Lord àti Marotte dán ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wò. Oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá ti ń gbayì nígbà náà, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n dorí ti ìbàdí kodò: wọ́n ti ọ̀pá irin bọ inú egungun ojúgun, wọ́n yọ tálọ́ọ̀sì dànù pátápátá, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì lẹ ohun kan tó rí bí ife mọ́ egungun gìgísẹ̀. Nínú 25 tí wọ́n ṣe, 12 bàjẹ́, 7 péré ni wọ́n kà sí èyí tó dára. Àwọn fúnra wọn ló pa ọ̀nà náà tì.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò yọ tálọ́ọ̀sì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ọrùn ẹsẹ̀ sí ohun tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ bí ilẹ̀kùn lórí irin ìdè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ti ń lọ sókè sódò ni tálọ́ọ̀sì ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún ń yọ̀ díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí irin kò bá gbà kí ó yí, agbára yíyí náà kò ní torí ìyẹn pòórá. Ibi tí sìmẹ́ńtì ti pàdé egungun ni yóò gbà jáde. Sìmẹ́ńtì á tú, irin á máa mì, ìrora á padà.

Hakon Kofoed, dókítà ará Denmark, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní STAR ní 1978. Ẹ̀yà méjì ló kọ́kọ́ ní. Ní 1986 ó fi ẹ̀yà kẹta kún un: ike líle kan tó wà láàárín irin òkè àti irin ìsàlẹ̀, tí wọn kò lẹ̀ mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ike náà ń yọ̀ lábẹ́ irin òkè, nítorí náà èyí tó pọ̀ nínú agbára yíyí ń parí sórí rẹ̀, kì í dé ara egungun. Ní 1990 ó pa sìmẹ́ńtì tì, ó sì fi èròjà inú egungun kun irin kí egungun lè dì mọ́ ọn. Ọdún 2009 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn olùwádìí Alberto Leardini ní Bologna àti John O'Connor ní Oxford ló wù mí jù. Wọ́n rí i pé nígbà tí ẹrù kò bá sí lórí ọrùn ẹsẹ̀, ipa ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀, àti pé okùn iṣan méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, ló ń darí rẹ̀ láìjẹ́ pé gígùn wọn yí padà. Ojú ibi tí oríkèé ń yí lé pàápàá kì í dúró sójú kan. Wọn kò wá fi irin ṣe àwòkọ egungun mọ́. Èyí tí okùn iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀ lè darí ni wọ́n ṣe. Ní 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ẹsẹ̀ èèyàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti dàgbà.

Ìyẹn kò sọ pé irin ló tọ́ sí gbogbo ẹsẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà, ìyẹn ni kí wọ́n so egungun pọ̀ kí oríkèé má ṣí mọ́. Ìwádìí TARVA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2022, pín èèyàn 303 sí ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún kan, ara tu ìpín méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Oríkèé tí a so pọ̀ ń ti iṣẹ́ rẹ̀ sórí àwọn oríkèé aládùúgbò rẹ̀, irin pẹ̀lú sì ń gbó. Ọ̀dọ́ tó ń ru ẹrù wúwo lójoojúmọ́, síso pọ̀ ni mo máa gbà á nímọ̀ràn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọrùn ẹsẹ̀ kì í sábà gbó fúnra rẹ̀ bíi ti orúnkún. Ibi tó ti kán rí ni àrùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Àwọn olùwádìí Ramsey àti Hamilton fi hàn ní 1976 pé bí tálọ́ọ̀sì bá yẹ̀ sóde ní mílímítà kan péré, ojú ibi tí egungun ti ń pàdé ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá já lórí ọ̀kadà, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ tàbí kí wọ́n fà á. Ẹ gbé e lọ ya ẹ̀síréè lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà tò ó bó ti yẹ.