Iná Lésà Olówó Gọbọi: Ṣé Èrè Rẹ̀ Tó Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Igbókọ̀dá

 

Àwọn ọ̀dọ́ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ kí iná lésà wà níbi ìṣọ́ òru ìparí ọdún wa, irú èyí tí ń na ìtànṣán aláwọ̀ ewé àti pupa sókè, tí ń kọ orúkọ Jésù sára ògiri. Wọ́n ti gba ìwé iye owó wá láti Èkó. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ kà á, ẹnu yà wọ́n. Owó ẹ̀rọ tí ń tan iná wà lọ́tọ̀, owó ètò orí kọ̀ǹpútà àti àpótí tí ń darí iná náà sì tún wà lọ́tọ̀. Bàbá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló wà nínú àpótí tí kò ju Bíbélì kan lọ, tí owó rẹ̀ fi tó owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀?" Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo wá dáhùn.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe jẹun, ọmọ etí òkun sì ni mí. Èmi kò wá láti bá ọ̀dọ́ jà, èmi kò sì wá láti ta ọjà fún ẹnikẹ́ni.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Iná lésà kò dà bíi gílóòbù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri ilé. Ìtànṣán kan ṣoṣo ló ní, tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀. Dígí kékeré méjì wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ń yí ìtànṣán sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń yí i sókè sódò. Àmì kan péré ni ìtànṣán náà ń fi sára ògiri, ṣùgbọ́n àwọn dígí ń mú un sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi ń rí i bí ìlà tàbí bí àwòrán. Ẹ̀rọ tó dára lè gbé àmì yẹn sí ibi 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ta ló ń sọ fún dígí ibi tí yóò kọjú sí? Ètò orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀. Àpótí ìdarí, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kọ̀ntírólà, ló ń sọ ìṣirò náà di agbára iná tí dígí lè gbọ́. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ ní eyín 25 ló sábà máa ń gbé e lọ. ILDA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ lésà lágbàáyé, ló fi ìlànà wáyà yìí lélẹ̀, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá àpótí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ̀rọ yín bá ní ẹnu wáyà yìí, kò sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé àpótí kan pàtó lẹ gbọ́dọ̀ rà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti darí iná yìí. Èkíní kò gba kọ̀ǹpútà rárá. Àwòrán ti wà nínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ wá, á sì máa jó bó bá ti gbọ́ ìlù, tàbí kí ẹ darí rẹ̀ láti orí tábìlì tí ẹ fi ń darí àwọn iná pẹpẹ yòókù. Èkejì ni àwọn àpótí kéékèèké bíi Helios àti Ether Dream, tí àwọn tó ṣe wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ wọn han gbogbo ayé. Owó wọn kò wọni lára púpọ̀, àwọn ètò ọ̀fẹ́ sì wà tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni olówó gọbọi. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Pangolin ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1986. QuickShow ni ètò tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, BEYOND ni ti àwọn ọ̀gá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni ti ìsàlẹ̀, ti òkè sì wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

OHUN TÍ OWÓ NÁÀ RÀ

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń ra àkókò. Àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wà nílẹ̀, ẹ lè tò wọ́n tẹ̀lé orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí iná yí àwọ̀ gan-an níbi tí akọrin ti gbé ohùn sókè. Ohun tí èmi yóò fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe lórí ètò ọ̀fẹ́, mo lè fi wákàtí díẹ̀ ṣe é níbẹ̀. Ó tún jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo darí ẹ̀rọ púpọ̀ pọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí pásítọ̀ bá yí orin padà láìròtẹ́lẹ̀. Ó sì jẹ́ kí ẹ sàmì sí ibi tí ìtànṣán kò gbọ́dọ̀ dé, tàbí ibi tí agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kò lè pe owó yìí ní ìfiṣòfò.

OHUN TÍ OWÓ NÁÀ KÒ LÈ RÀ

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin apẹja, ẹ gbọ́ mi: bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sẹ́yìn ọkọ̀ tó ti là, ṣé ọkọ̀ náà ò ní gbomi mọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Bí dígí inú ẹ̀rọ bá lọ́ra, ètò olówó gọbọi kò lè mú un yá. Igun àwòrán yóò máa yípo, ọ̀rọ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú. Ẹ sì wo èdè wa: àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Gbogbo àmì wọ̀nyẹn ni ìtànṣán gbọ́dọ̀ pa iná, kó fò lọ bá, kó tó tún tàn. Bí gbólóhùn bá ti gùn, ṣíṣẹ́jú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọ ka ọ̀rọ̀ lára ògiri, ẹ̀rọ tí ń gbé fídíò sára ògiri yóò ṣe é dáadáa jù, owó rẹ̀ sì lè má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fúúfù òkun ńkọ́? Bí èéfín tàbí kùrukùru kò bá sí nínú afẹ́fẹ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìtànṣán lésà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ẹ̀rọ èéfín dání. Nínú gbọ̀ngàn, èéfín á dúró. Ní gbangba etí omi tiwa, kí ẹ tó ka mẹ́ta, atẹ́gùn ti gbé e lọ sójú òkun. Mo ti rí ìjọ kan tó náwó tán, tí àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé iná wo ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa náà wà ńbẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe sí páànù àti sí ìṣó. Bó ṣe ń jẹ wọ́n ló ń jẹ ẹnu wáyà àti inú ẹ̀rọ. Àṣẹ láti lo QuickShow tàbí BEYOND sì so mọ́ àpótí fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iyọ̀ bá ba àpótí jẹ́, ètò tí ẹ ra kò lè tan ìtànṣán kankan mọ́, àfi kí ẹ bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ta ni yóò tún un ṣe ní Igbókọ̀dá? Ti jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, n kò tíì sọ ọ́.

Àwọn kan á ní kí a wá ẹ̀dà tí wọ́n jí ṣí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò lè fi ohun olè yin Olúwa. Èmi náà jẹ̀bi rẹ̀ nígbà kan kí n tó yí padà. Láàárín ìsìn ni ètò náà dúró gbagidi, tí ìtànṣán sì dúró sójú kan.

OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́ ORÍ

Ìtànṣán tó dúró sójú kan yẹn ló mú mi dé ibi tó ká mi lára jù. Lésà tí agbára rẹ̀ ju mílíwáàtì 500 lọ wà ní ìpele kẹrin, ìpele tó léwu jù. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń lò sì ń bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì kan lọ sókè. Ó lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ kí ojú tó ráyè ṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2008, níbi àjọ̀dún orin kan nítòsí Moscow ní Rọ́ṣíà, òjò rọ̀, wọ́n ta àgọ́ bo ibẹ̀, ìtànṣán tó yẹ kó lọ sójú sánmà wá ń bọ̀ sára àwọn ènìyàn. Nǹkan bí 30 ènìyàn ni ìròyìn sọ pé ojú wọn bàjẹ́. Kì í ṣe pé ètò orí kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó pa iná ni kò pa á.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ fi irú lésà yìí ṣeré fún ogunlọ́gọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba. Ìtànṣán sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà 3 ga ju ibi tí àwọn ènìyàn dúró sí lọ, àyàfi bí wọ́n bá gba àṣẹ pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tiwa, òrùlé rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ga tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọdé tí ìyá wọn pọ̀n, tí wọ́n kọjú sókè, ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n má wò ó? Tí a bá sì jáde sí gbangba, awakọ̀ omi tí ń bọ̀ lóru wà níwájú wa, hẹlikópítà tí ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun wà lókè wa. Ojú tó bá fọ́, kò sí ọrẹ ìdúpẹ́ tó lè rà á padà.

Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ máa náwó, ohun àkọ́kọ́ tí owó yẹ kó rà ni bọ́tìnnì tí a fi ń pa iná lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tí ń pa ìtànṣán fúnra rẹ̀ bí dígí bá dúró, àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ JẸ́ KÁ JÓKÒÓ ṢÍRÒ

Jésù Olúwa wa sọ nínú Lúùkù orí 14 nípa ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Kí Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Ní 2024, ó ti ju ₦1,500 lọ. Àpótí kan tó jẹ́ dọ́là 500 kúrò ní ₦230,000, ó di ₦750,000. Ẹ gbà pé yóò lo ọdún 3. Ẹni tó ń lò ó ní ìgbà 50 lọ́dún, ₦5,000 ló ná an nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò burú. Àwa tí a ó lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ₦250,000 ni fún òru kan, a kò sì tíì ka ẹ̀rọ iná fúnra rẹ̀, èéfín àti epo. Àpótí kan náà ni, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí ọ̀kan, kò tọ́ sí èkejì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ rántí ọwọ́ tí owó náà ti wá. Ìyá tó jókòó ti èéfín ẹja láti òwúrọ̀ ló mú un wá sínú ọrẹ. Ọmọ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwé láìsí láìfùjákẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi àtùpà kàwé. Ní 1947 tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó, wọ́n kó ohun ìní wọn pọ̀, kí ọdún 1960 sì tó dé, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó àpapọ̀ rà. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ìlú náà lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn kò tíì rì: owó àpapọ̀ yẹ kó kọ́kọ́ ra iná tí gbogbo ilé yóò jẹ nínú rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ẹ má ra àpótí olówó gọbọi yẹn. Ẹ má sì lọ ra lésà ọ̀pọ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ agbára rẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Iná pẹpẹ LED aláwọ̀ mẹ́rin-márùn-ún yóò mú ìṣọ́ òru wa dùn, kò sì ní fọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá di dandan pé kí lésà wà lọ́dún kan, ẹ háyà oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, kó kó ohun èlò rẹ̀ wá, kó sì kó o lọ.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ bí iṣẹ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ètò olówó wọ̀nyí, ẹ lè gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ fi kọ́ṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, láìsí àpótí, láìsí ìtànṣán. Kọ́ ọ fún ọdún kan. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àpótí yẹn yóò fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ilé Ọlọ́run dára. Ìfẹ́ yẹn dára. Ẹ lọ bá àwọn àgbà, kí ẹ jọ ṣírò iye láìfùjákẹ́ẹ̀tì tí ₦750,000 lè rà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ fún ìjọ èyí tí ẹ yàn.

Kí Olúwa fún wa lójú tí ó ríran, kó sì pa ojú àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.